Pírótéènì nínú ìtọ̀: ẹ̀wà kọ́ ló fà á

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní láàbù rí pírótéènì ++ (plọ́ọ̀sì méjì) nínú ìtọ̀ yín, amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, lẹ ń lò, BP yín ti wálẹ̀ sí 134/82, ará àdúgbò wá ní kẹ́ ẹ pa ẹ̀wà àti ẹyin tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹ ẹ̀wà yín. Kì í ṣe oúnjẹ àná ló ń bá ìtọ̀ jáde. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń jò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba asẹ́ inú kíndìnrín jẹ́. Àjẹjù ẹran nìkan ni mi ò ní bá yín lọ́wọ́ sí.

Ẹ kọ́kọ́ tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ibà, kòkòrò ojú ìtọ̀, kódà iṣẹ́ agbára, lè mú kí bébà tí láàbù ń tì bọ inú ìtọ̀ pàwọ̀ dà. Ẹ sọ fún láàbù pé ACR lẹ fẹ́, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi pírótéènì albumin inú ìtọ̀ wé creatinine, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń kó dànù. Ìtọ̀ àkọ́jí òwúrọ̀ ló dáa jù fún un. Tí kò bá tó 30 mg/g, kò séwu. Tó bá ju 300 lọ, ẹ wá dókítà kíndìnrín lọ. Nígbà tí irú èyí ṣe èmi náà, tèmi ju 300 lọ.

Amlodipine ń mú BP wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ibi tó ń jò. BP mi dáa, ìtọ̀ mi ṣì ń hó bí ọṣẹ, torí pírótéènì ṣì ń jò. Lisinopril tàbí losartan ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ọ̀kan nínú wọn o, kì í ṣe méjèèjì. Lisinopril fún mi ní ikọ́ gbígbẹ tí kì í jẹ́ kí ará ilé sùn, ni dókítà bá fi losartan rọ́pò rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí wọ́n yẹ creatinine àti potassium inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Creatinine lè gòkè díẹ̀. Ẹ má torí ẹ̀ dá oògùn dúró fúnra yín. Obìnrin tó lóyún tàbí tó ń wá oyún kò gbọdọ̀ lò ó.

Iyọ̀ ló bá wa jà jù nílé. Tó bá pọ̀, losartan kò ní lè ṣiṣẹ́ ẹ̀ dójú àmì. Inú magí, búrẹ́dì àti núdù ló sì ń fara pa mọ́ sí. Irú tí wọn ò fi iyọ̀ sí, ata rodo àti efinrin ló gba ọbẹ̀ wa sílẹ̀. Ẹ má ra àrọ́pò iyọ̀ tí wọ́n fi potassium ṣe. Òun àti losartan kì í rẹ́, torí àwọn méjèèjì lè mú kí potassium inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù.

Diclofenac àti ibuprofen tí kẹ́místì ń kó fúnni nítorí ẹ̀yìn ríro, ẹ sọ fún wọn pé kíndìnrín yín ò gbà á. Àgbo ńkọ́? Mi ò fẹnu kàn án mọ́.

Ẹ ò sọ bóyá ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ jẹ́ ká mọ̀, torí dókítà lè fẹ́ fi dapagliflozin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà tó tún ń dáàbò bo kíndìnrín, kún un.