Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Wọ́n ní kí n wá bá àwọn sáré lórí òkè etíkun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Sùúrùlérè ni mò ń gbé, mo sì máa ń sáré lójú títì láràárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kìlómítà 21 kì í ṣe tuntun sí mi. Ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà, mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ rẹ̀ ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun níbi iṣẹ́ máa ń sáré láti Seaford dé Eastbourne, lórí òkè etí òkun, ní nǹkan bí kìlómítà 22, wọ́n sì ti ní kí n máa bọ̀ ní Ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Kí ni kí n bi wọ́n, kí sì ni kí n mú dání?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi kìlómítà 21 ti Èkó díwọ̀n èyí, nítorí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ẹsẹ̀ yín mọ̀, ọ̀nà tí wọ́n pè yín sí sì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ṣáá. Wákàtí ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ gba nọ́ńbà aṣáájú wọn, kí ẹ sì fúnra yín bi í pé wákàtí mélòó ni wọ́n ń lò, àti pé ṣé wọ́n máa ń dúró de ẹni tó kẹ́yìn ní orí òkè kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ bí ẹ ṣe ń sáré gan-an fún un, nítorí àna yín lè ti bù lé e. Ẹ má sì tijú láti rìn níbi tí òkè bá ti ga. Àwọn tó mọ ọ̀nà náà dunjú pàápàá ń rìn níbẹ̀.

Láti Seaford, ọ̀nà á mú yín dé ẹnu odò Cuckmere, níbi tí kò sí afárá, ẹ ó sì ní láti yà sínú ilẹ̀ lọ sí Exceat kí ẹ tó lè kọjá. Bí òkun bá fà sẹ́yìn, ẹ lè rí àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ la odò náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Exceat yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn jù, nítorí pé bọ́ọ̀sì tó ń ti Brighton lọ sí Eastbourne máa ń dúró níbẹ̀. Bí orúnkún bá ti ń ro yín tàbí tí pajápajá bá ti ń mú yín, ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ fún aṣáájú, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì, kí ẹ sì lọ dúró dè wọ́n. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni Seven Sisters bẹ̀rẹ̀, òkè lórí òkè títí dé Birling Gap, níbi tí ilé oúnjẹ wà, lẹ́yìn náà ni Beachy Head tó ga tó mítà 162.

Ẹfun ni gbogbo òkè wọ̀nyí. Bí òjò bá rọ̀ sí i, a máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, nítorí náà bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín ni kí ẹ wọ̀. Òkun sì ń jẹ ẹfun náà lábẹ́ láìdúró: ní ọdún 1999, wọ́n ní láti ti odidi ilé Belle Tout, tó jẹ́ ilé iná atọ́nà ọkọ̀ ojú omi nígbà kan, sẹ́yìn ní mítà 17 kó má bàa já sómi. Bí àwọn ẹgbẹ́ yín bá ń ya fọ́tò létí ibẹ̀, ẹ jìnnà.

Ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dá atẹ́gùn àti òjò dúró, omi tó tó lítà 1, àti ìpápánu tí inú yín ti mọ̀. (Kúlíkúlí dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ ọ̀nà ọ̀fun, ẹ fi í sílẹ̀ di inú rélùwéè.) Kí fóònù yín kún fún iná, kí máàpù ọ̀nà náà sì ti wà lórí rẹ̀, kí ẹ lè dá ọ̀nà mọ̀ bí ẹ bá pín yà. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ létí òkè, 999 ni ẹ ó pè, ẹ̀ṣọ́ etíkun tí wọ́n ń pè ní Coastguard ni kí ẹ sì béèrè fún.

Ẹ tún bi wọ́n ní aago tí wọ́n fẹ́ gbéra. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n máa ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oòrùn a sì wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Bí wọ́n bá ní ọ̀sán ni àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò ní lè bá wọn lọ, àfi bí gbogbo yín bá mú tọ́ọ̀ṣì dání.