Ìbéèrè Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn: Ìkéde Ọ̀sẹ̀, Abẹ́rẹ́ Tó Gún Ọwọ́, Owó NELFUND

Lẹ́tà márùn-ún la mú lọ́tẹ̀ yìí nínú èyí tó wọlé látọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti òbí wọn. Ibi kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn forí sọ: ìrànlọ́wọ́ wà, ṣùgbọ́n ó ní wákàtí tirẹ̀, ẹni tó nílò rẹ̀ kì í sì í gbọ́ títí wákàtí náà á fi kọjá. Ìdí nìyẹn tá a fi fi ọ̀rọ̀ ìkéde ṣáájú.

Èmi ni aṣojú kíláàsì wa, ipele 400. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi ìkéde sórí WhatsApp, síbẹ̀ wọ́n á tún máa bi mí pé aago mélòó ni kíláàsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni mọ́kànlá ni kò forúkọ sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ kó tó parí. Kí ni mo ṣì ṣe? — Aṣojú kíláàsì, Ìbàdàn

Ojoojúmọ́ yẹn gan-an ni. Ẹni tó bá ń gba ìkéde mẹ́rin lójúmọ́ á ti dẹ́kun kíkà á kí ọ̀sẹ̀ tó dé ìdajì. Ìkéde kan ṣoṣo ni kó máa jáde lọ́sẹ̀, ní aago 7 alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó má sì yẹ̀. Ẹni tó lọ sílé ti dé nígbà yẹn, ẹni tó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ti mọ ibi tóun máa wà lọ́jọ́ Ajé.

Ohun tó ní gbèdéke ni kó kọ́kọ́ hàn, kì í ṣe ìkíni. Wo fóònù rẹ: kéèyàn tó tẹ ìkéde gígùn ṣí, ìlà díẹ̀ ló máa ń rí. Bó o bá ti fi "Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin dókítà ọ̀la, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú wa rí ọ̀sẹ̀ tuntun" gba ìlà wọ̀nyẹn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ á ti kọjá lọ. Lẹ́yìn gbèdéke, kó kan ohun tó yí padà: kíláàsì tó kúrò níbi tó wà, ẹgbẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí wọ́ọ̀dù míì. Lẹ́yìn ìyẹn, ètò ọ̀sẹ̀ náà, ọjọ́ kan sí ìlà kan. Ìlà ìrànlọ́wọ́ ni kó kẹ́yìn: ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó, ilé ìwòsàn akẹ́kọ̀ọ́, olùdámọ̀ràn. Má yí i padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, má sì yọ ọ́ kúrò torí pé kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀. Ẹni tí wàhálà bá bá ní aago méjì òru kò ní ráyè wá a kiri, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ ibẹ̀.

Kí ìlà kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó jẹ́, ọjọ́, aago, ibi, àti ẹni tí wọ́n máa bá. Báyìí ló yẹ kí ti abẹ́rẹ́ yẹn rí:

"Ó parí ní Ọjọ́rú, aago 12 ọ̀sán: ìforúkọsílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, ìkejì nínú mẹ́ta. Yàrá àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn akẹ́kọ̀ọ́. Mú káàdì abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ dání. Bá nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹ tètè lọ forúkọ sílẹ̀ o, wọ́n ti fẹ́ tì í" kì í ṣe ìkéde, ariwo ni.

Má kọ "lónìí" tàbí "lọ́la". Wọ́n á fi ìkéde náà ránṣẹ́ síra wọn, á dé ọwọ́ ẹlòmíì lẹ́yìn ọjọ́ méjì, "lọ́la" á sì ti di àná. Ohun tó tún máa ń da kíláàsì rú ni kí aṣojú tún gbogbo ìkéde kọ nítorí ohun kan ṣoṣo tó yí padà; wọ́n á rí méjì, wọn ò ní mọ èyí tí wọ́n máa gbà gbọ́. Ìlà kan ni kó o fi ránṣẹ́, kó o kọ ÀTÚNṢE sí iwájú rẹ̀, kó o sọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe wà báyìí. Ya ẹgbẹ́ ìkéde sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwàdà àti ọjọ́ ìbí, kó o sì tò ó kó jẹ́ pé ìwọ àti igbákejì rẹ nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. WhatsApp gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọ́fíìsì bá fún ọ ní àwòrán tábìlì, tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Àwòrán ń jẹ dátà, èèyàn kò sì lè fi ọ̀rọ̀ wá a nígbà tó bá nílò rẹ̀.

Máàkì ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà àwọn tó kùnà, orúkọ tàbí àwòrán aláìsàn: wọn ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá, kódà bó jẹ́ ọ̀gá ló fi ránṣẹ́ sí ọ.

Mò ń gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn ní wọ́ọ̀dù, abẹ́rẹ́ gba inú ìbọ̀wọ́ gún mi ní àtàǹpàkò. Mo da Jíìkì sí i, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí wọ́n á ní mi ò mọ iṣẹ́. Ó di ọjọ́ kejì lónìí. — Ipele 500

Kọ́kọ́ dìde ná, wàá ka ìyókù lójú ọ̀nà. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé látìgbà tí abẹ́rẹ́ ti gún ọ, bó bá sì ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ tó ló ṣe máa ń ṣiṣẹ́ tó. Ọjọ́ kejì ṣì bá a. Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú HIV nílé ìwòsàn yín. Bó bá jẹ́ alẹ́ tàbí òpin ọ̀sẹ̀, gba ẹ̀ka pàjáwìrì lọ. Sọ aago tó gún ọ, bó ṣe wọlé tó, àti irú abẹ́rẹ́ tó jẹ́. Abẹ́rẹ́ oníhò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iṣan, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ihò rẹ̀, léwu ju èyí tí wọ́n fi ń rán ọgbẹ́ lọ.

Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ tìrẹ wò, wọ́n á sì bẹ aláìsàn náà pé kó jẹ́ kí wọ́n yẹ tirẹ̀ wò fún HIV àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti C. Iṣẹ́ dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tìrẹ. Má lọ fọgbọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Má sì dúró de èsì kó o tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Bí èsì bá fi hàn pé aláìsàn náà kò ní HIV, wọ́n lè dá oògùn rẹ dúró.

Oògùn tí wọ́n sábà máa ń fúnni ni hóró kan lójúmọ́, tí tenofovir 300 mg, lamivudine 300 mg àti dolutegravir 50 mg wà pọ̀ nínú rẹ̀, fún ọjọ́ 28. Oògùn inú tó ń pa omi kíkan inú (antacid), àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin tàbí calcium, máa ń di dolutegravir lọ́wọ́ kó má wọ ara. Lo hóró rẹ ní wákàtí 2 ṣáájú wọn, tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn wọn. Bí inú bá ń rú ọ tàbí tí oorun kò bá kùn ọ́ mọ́, padà lọ bá wọn. Má dá a dúró fúnra rẹ. Lọ tún ẹ̀jẹ̀ rẹ yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ 6 àti oṣù 3. Títí dìgbà yẹn, máa lo kọ́ńdọ̀mù, má sì fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ.

HIV lẹ̀rù rẹ̀ ń bani, ṣùgbọ́n jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B gan-an ló yẹ ká máa sá fún. Bí abẹ́rẹ́ tó ní HIV bá gún èèyàn 1,000, nǹkan bí ẹni 3 ló máa kó o. Ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, lára ẹni tí kò gba àjẹsára, wà láàárín 6 sí 30 nínú 100. Àjẹsára rẹ̀ sì wà, abẹ́rẹ́ mẹ́ta: àkọ́kọ́, ìkejì lẹ́yìn oṣù 1, ìkẹta ní oṣù 6 lẹ́yìn àkọ́kọ́. Ní oṣù 1 sí 2 lẹ́yìn ìkẹta, lọ ṣe àyẹ̀wò anti-HBs, èyí tó ń fi hàn bóyá àjẹsára náà ti mú. 10 mIU/mL sókè là ń wá. Bó o bá ní ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ balẹ̀ ní ti B. Bó ò bá tíì gba nǹkan kan, bi wọ́n léèrè immunoglobulin, abẹ́rẹ́ tó ń bá ara gbógun ti kòkòrò B lójú ẹsẹ̀: láàárín wákàtí 24 ló dára jù, kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 7, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ àjẹsára pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti Jíìkì: ó ń jó ẹran ara ni, kò lè lé ohun tó ti wọlé bá. Bọ́ ìbọ̀wọ́, fi ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn fọ̀ ọ́, má fún un kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Bó bá jẹ́ ojú ni ẹ̀jẹ̀ ta sí, da omi tàbí saline (omi iyọ̀ ilé ìwòsàn) sí i dáadáa. Lẹ́yìn náà, sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀. Wá wo ohun tó ń fà á: dídé abẹ́rẹ́ padà sínú ìdérí ni, tàbí fífi agbára ti abẹ́rẹ́ sínú àpótí tó ti kún. Bí àpótí bá ti dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó ti tó pààrọ̀. Gbé àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó o tó fa ẹ̀jẹ̀, kó má di pé ò ń gbé abẹ́rẹ́ rìn la wọ́ọ̀dù kọjá.

Ọmọ mi wọ ipele 200 ìmọ̀ ìṣègùn ní yunifásítì ìjọba. Wọ́n ní NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀, ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, àwọn míì ní èlé orí rẹ̀ kò ṣeé san. Ṣé kó gbà á? — Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mọ́mì wa. Kò sí èlé lórí rẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tó wà nídìí rẹ̀ báyìí, èyí tó rọ́pò ti 2023. Apá méjì ni owó náà: owó ilé ẹ̀kọ́, tó ń lọ tààrà sí àpò yunifásítì, àti ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ àti ìnáwó, tó ń wọ àkáǹtì ọmọ. Ẹ má gbàgbé pé gbèsè ni apá kejì náà: oṣù 12 ti di ₦240,000. Bí ilé bá lè bọ́ ọ, kó gba ti owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan.

Ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni sísan máa ń bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá owó oṣù ni wọ́n sì ń yọ. Ti dókítà tún yàtọ̀ díẹ̀, torí ó gbọ́dọ̀ ṣe house job, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ dókítà tuntun nílé ìwòsàn, fún oṣù 12 kó tó lọ sí NYSC. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún kan, ọdún kan, ọdún méjì. Ó tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó.

Orí nelf.gov.ng ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ní òun á bá yín ṣe é yá. Ọmọ á nílò nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà matric, NIN, BVN àti àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀. Àkáǹtì tiyín kò lè ṣiṣẹ́. Ibi tó ti máa ń há ni orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí tí kò bára mu nínú NIN, BVN àti JAMB. Ẹ to ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú, kí ẹ wò wọ́n lẹ́tà sí lẹ́tà kó tó forúkọ sílẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu tí ẹ̀rọ ṣì ní òun ò mọ̀ ọ́n, á jẹ́ pé yunifásítì kò tíì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kó lọ, kì í ṣe kàfé. Sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ tún un bèèrè.

Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá kùnà nínú MB, ìdánwò ńlá àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Kò jẹun dáadáa mọ́, lálẹ́ àná ló ní ayé ti sú òun. Ṣé kí n sọ fún ẹnì kan? — Ipele 300

Sọ ọ́ lónìí. Kọ́kọ́ bi òun náà, láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: "Ṣé o ti ń rò ó láti pa ara rẹ?" Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà síni lọ́kàn, ìtura ló máa ń jẹ́ fún ọ̀pọ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Kí ẹnì kejì kó oògùn àti nǹkan olóró kúrò nínú yàrá, kí ẹ sì mú un lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì. Má ṣèlérí pé wàá pa á mọ́ láṣìírí. Ní Èkó, SURPIN, ètò tó ń dènà ìpara-ẹni, wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà, ilé ìwòsàn ọpọlọ sì wà ní Yábàá. UCH ní ẹ̀ka tirẹ̀ ní Ìbàdàn. Abẹ́òkúta ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lámbò ti fi iṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ lélẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn.

Ohun tó máa ń dá akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn dúró ni pé olùkọ́ òun ló máa jókòó síwájú òun. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè dókítà tí kì í kọ́ kíláàsì rẹ̀, tàbí kó lọ sí ilé ìwòsàn míì pátápátá. Bí kò bá ní lè ṣe ìdánwò àtúnṣe, kó kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka ṣáájú ọjọ́ ìdánwò, kó fi ìwé dókítà kún un. Ìwé tó bá dé lẹ́yìn ìdánwò máa ń ṣòroó gbà wọlé.

Káàdì 900 ló ń dúró dè mí lórí Anki, áàpù káàdì ìkẹ́kọ̀ọ́. Ṣé kí n pa á rẹ́? — Ipele 200

Má pa á rẹ́. Sọ káàdì tuntun di 0, fi òdiwọ̀n 100 lójúmọ́ sí àtúnyẹ̀wò, kó o máa ṣe é títí gbèsè náà á fi tán. Nígbà tó o bá tún bẹ̀rẹ̀, tuntun 10 lójúmọ́ ti tó. Ogún tí Anki fi síbẹ̀ látilẹ̀wá á máa bí àtúnyẹ̀wò tó lé ní ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ bó bá yá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù Android, ti iPhone ni wọ́n ń tà.