Ìdajì owó àwòrán rẹ tí gálẹ́rì fẹ́ gbà: kí ni wọ́n máa fi ṣe fún ọ?

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní gálẹ́rì kan pè ọ́ pé kí o wá bá àwọn ayàwòrán mìíràn pàtẹ iṣẹ́, pé ìdajì owó àwòrán yòówù tó bá tà ni wọ́n máa gbà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sì ń sọ fún ọ pé ìrẹ́jẹ gbáà ni. O tún béèrè ohun tó yẹ kí o ti ṣe sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé iṣẹ́ lọ sí gálẹ́rì, àwọn tó dára àtàwọn tí mi ò ní tẹ ẹnu ọ̀nà wọn mọ́ láyé, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Ìdajì yẹn kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ gálẹ́rì ń gbà. Àwọn ibi tí ayàwòrán fúnra wọn dá owó jọ láti dá sílẹ̀ máa ń gba èyí tó kéré sí i. Ohun tó yẹ kí o bi wọ́n ni pé kí ni wọ́n máa fi ìdajì náà ṣe. Gálẹ́rì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ ń san owó ilé, owó iná àti owó òṣìṣẹ́, ó ń ya fọ́tò iṣẹ́ rẹ, ó ń kọ̀wé nípa rẹ, ó sì ń san owó adójútòfò. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ó ní àwọn olùrà tó ti ń bá a ṣe bọ̀ látọjọ́ pípẹ́, tó lè pè lórí fóònù pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà wá wo nǹkan kan." Àwọn èèyàn yẹn gan-an lo ń fi ìdajì owó rẹ rà. Tí wọn ò bá ní wọn, tó jẹ́ pé ìwọ lo máa pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ wá rà, tí wọ́n á wá dúró sí ẹnu ọ̀nà gba ìdajì, ògiri lásán ni wọ́n ń tà fún ọ nìyẹn, ó sì ti wọ́n jù.

Báwo lo ṣe máa mọ̀? Lọ síbẹ̀ kí o tó dá wọn lóhùn, má sì lọ lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ọjọ́ tí kò sí nǹkan kan ni mo máa ń lọ. Màá dúró síwájú àwòrán kan, màá wá máa wò ó bóyá ẹnikẹ́ni á dìde wá bá mi. Níbì kan, ọmọbìnrin tó jókòó nídìí tábìlì dìde. Kò bi mí bóyá mo fẹ́ rà. Ó ṣàlàyé fún mi pé ṣe ni ayàwòrán náà máa ń fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà kúrò kó tó tún un kùn, ó sì fi ìka tọ́ka sí igun kan tí pupa ìsàlẹ̀ ti ń yọjú lábẹ́ búlúù. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́. Níbòmíràn, iná méjì ti kú lórí àwọn àwòrán tó wà lára ògiri, kò sì sẹ́ni tó kà á sí.

Àwọn kan tún wà tí owó ògiri ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ayàwòrán ṣáájú. Wọ́n á kọ lẹ́tà tó dùn ún kà sí ọ, wọ́n á yin iṣẹ́ rẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ iye tí wàá san kí wọ́n tó gbé e kọ́. Sá fún wọn. Ẹni tó ti jèrè tán kó tó ṣílẹ̀kùn, kí ló máa mú un ṣe wàhálà láti ta iṣẹ́ rẹ? Èyí yàtọ̀ sí kí ayàwòrán pawọ́ pọ̀ ṣe tiwọn. Ní ọdún 1874, Monet, Degas, Renoir, Pissarro, Berthe Morisot àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Paris, wọ́n sì pàtẹ iṣẹ́ wọn nínú iyàrá tí Nadar ayafọ́tò ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, torí pé ìgbìmọ̀ Salon, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá tí ìjọba ń ṣe ní Paris, ti kọ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀ léraléra. Gbèsè ni wọ́n jẹ nídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ló pinnu ohun tó gun ògiri. Tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá ní kí ẹ ṣe irú ẹ̀, má kọ̀.

Bí ojú gálẹ́rì náà bá tẹ́ ọ lọ́rùn, gba ìwé. Má ṣe jẹ́ kí àwòrán kankan jáde nílé rẹ láìsí ìwé tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí, ì báà ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ ló ni ibẹ̀. Kò ní láti gùn, ojú ewé méjì ti tó. Kí orúkọ àwòrán kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ohun tí o fi yà á, iye tí wọ́n máa tà á àti iye tó kàn ọ́. Kí ọjọ́ tí wọ́n máa dá èyí tí kò tà padà wà níbẹ̀, àti iye ọjọ́ tí owó rẹ gbọ́dọ̀ fi tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn tí olùrà bá ti sanwó. Ọgbọ̀n ọjọ́ lèmi máa ń béèrè. Kí wọ́n sì kọ ọ́ kedere pé ìwọ lo ni àwòrán náà títí owó rẹ á fi pé.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló gbà mí sílẹ̀ nígbà kan. Gálẹ́rì kan tí mò ń bá ṣe wọ gbèsè, wọ́n ti ilé náà pa, àwọn tí wọ́n jẹ lówó sì fẹ́ kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ni mo gbé lọ bá wọn, pé ẹrù tèmi nìyí, kì í ṣe ẹrù gálẹ́rì. Wọ́n kó àwọn àwòrán mi fún mi. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tí a jọ pàtẹ níbẹ̀, ẹnu lásán ni wọ́n fi bá a ṣàdéhùn. Ó sáré títí, kò sì rí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ gbà padà. Tí mo bá rántí, inú ṣì ń bí mi, torí èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá lórí kánfáàsì.

Nínú ìwé yẹn kan náà, wo ibi tí adójútòfò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Àwọn mìíràn kì í dáàbò bo àwòrán àfi ìgbà tó bá ti wà lára ògiri wọn, ojú ọ̀nà sì ni nǹkan ti ń ṣe àwòrán jù. Kí o sì mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tó ra àwòrán kò tíì ra ẹ̀tọ́ láti tẹ ẹ̀dà rẹ̀. Tìrẹ ni ẹ̀tọ́ yẹn títí wàá fi fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ka ìwé náà dáadáa kí o má bàa kọ ọ́ fún wọn láìmọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Iye kan náà ni kí o máa pè nílé àti ní gálẹ́rì. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn láti sọ fún olùrà pé "ẹ wá bá mi nílé, màá ṣe é ní ìdajì fún yín." Lọ́jọ́ tí gálẹ́rì bá gbọ́, àárín yín dà rú nìyẹn, ẹni tó sì ra tiẹ̀ lọ́wọ́ wọn lánàá á gbà pé ṣe lo lu òun ní jìbìtì. Ìwọ̀n àwòrán lèmi fi ń ṣírò. Mo máa ń ro ìbú àti gígùn pọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, màá wá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan tí mi ò ní yí padà títí ọdún á fi parí. Bí mo ṣe fẹ́ràn àwòrán kan tó kò kan olùrà. Èyí tí mo bá fẹ́ràn débi pé ó ń dùn mí láti tà á, mo máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe títà.

Ibi tí owó ti ń jò lọ láìsọ fúnni ni férémù. Ká ní àwòrán rẹ tà ní 1,000, owó yòówù kó jẹ́, tí férémù rẹ̀ sì ná ọ ní 120. Bí wọ́n bá pín 1,000 sí méjì, 500 lo máa gbà, tí o bá yọ owó férémù kúrò, ó ku 380. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fẹnu kò pé kí wọ́n kọ́kọ́ yọ 120 rẹ sọ́tọ̀ kí ẹ tó pín, 880 lẹ máa pín, 440 á kàn ọ́, owó férémù á sì ti padà sọ́wọ́ rẹ. Bákan náà ni ẹ̀dínwó. Olùrà á ní kí wọ́n dín ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kù. Apá ta ni wọ́n máa ti yọ ọ́? Kí ẹ jọ pín in, kó sì wà nínú ìwé pé wọn ò gbọ́dọ̀ dín in jù bẹ́ẹ̀ lọ láìpè ọ́.

Ní ti ìmúrasílẹ̀, ṣe é bí ẹni tí kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbé e kọ́. Fi síkírúù de òrùka irin mọ́ ẹ̀yìn férémù lápá ọ̀tún àti òsì, níbi tí ìdá kan nínú mẹ́ta bá parí sí láti òkè, kí o so wáyà tó lè gbé e, kí wáyà náà má sì yọrí sókè. Lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn: orúkọ rẹ, orúkọ àwòrán, ọdún, ìwọ̀n. Ya fọ́tò rẹ̀ kó tó wọ férémù. Bó bá jẹ́ oil paint lo lò, ojú rẹ̀ lè gbẹ kí inú má tíì gbẹ. Fáníìṣì ìbílẹ̀ bíi dammar, ohun tí a ń kùn sójú àwòrán láti dáàbò bò ó, ń fẹ́ kí o dúró tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, bí ọ̀dà náà bá ṣe nípọn tó. Má sì ṣe jẹ́ kí bubble wrap, náílọ́nù tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ yẹn, kan ojú ọ̀dà. Bébà glassine, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán, ni kó kọ́kọ́ bò ó. Ojú mi ni wọ́n ṣe tú àwòrán dúdú ńlá kan tí ẹnì kan gbé wá: àmì róbótó-róbótó ti gba gbogbo apá òkè rẹ̀, iná àjà sì ń tàn lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó ni ín kàn dúró ni, kò lè sọ̀rọ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ògiri. Àárín àwòrán ni ọ̀pọ̀ gálẹ́rì ń gbé sí nǹkan bí 145 sí 150 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀, kó lè bá ojú ẹni tó dúró mu. Bí tìrẹ bá fẹ́ ibòmíràn, sọ fún wọn. Nígbà tí Rothko, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, fẹ́ pàtẹ ní gálẹ́rì Whitechapel ní London lọ́dún 1961, ó kọ ìlànà ránṣẹ́ lórí àwọ̀ ògiri, bí iná ṣe gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n, àti pé kí wọ́n gbé àwọn àwòrán ńlá kọ́ sísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀. Kò sí ìgbéraga nínú kí èèyàn kọ irú ẹ̀.

Béèrè pẹ̀lú pé iṣẹ́ ta ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ. Lọ́dún 1832, níbi ìpàtẹ Royal Academy, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ní London, wọ́n gbé àwòrán òkun tí Turner yà, tó jẹ́ eérú-eérú, sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ Constable tó kún fún pupa àti wúrà. Turner wò ó títí, ó fi ẹ̀kán ọ̀dà pupa kan sí àárín òkun tirẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló sọ pupa náà di ohun tó ń léfòó lórí omi. Ẹ̀kán kan péré yẹn tó láti fa ojú gbogbo èèyàn kúrò lára iṣẹ́ kejì. Ayé òde òní kò ní gbà ọ́ láàyè láti gbé búrọ́ọ̀ṣì wọ gálẹ́rì, ṣùgbọ́n bí àwòrán rẹ bá jẹ́jẹ́, o lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún un láàyè.

Ohun tó jẹ́ kí n ṣì máa lọ, pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí, ni pé ibi iṣẹ́ mi há. Níbẹ̀, èmi àti kánfáàsì kò jìnnà síra ju apá nínà lọ. Ní gálẹ́rì ni mo ti ń dúró sí òdìkejì iyàrá ńlá, tí mò ń rí i bí àjèjì ṣe ń rí i. Àwòrán tí mo ti lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí ojú èèyàn inú rẹ̀ lè di ẹrẹ̀ lójú mi láti ọ̀nà jíjìn, kí èyí tí mo fi ìrọ̀lẹ́ kan yà dúró gbọin. Èyí ju títà lọ fún mi, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, má dúró gbagidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ, ìtìjú kò ní jẹ́ kí àwọn èèyàn wò ó. Dúró sọ́ọ̀ọ́kán kí o tẹ́tí. Obìnrin kan yọ gíláàsì ojú rẹ̀ síwájú àwòrán ìyá arúgbó kan tí mo yà, ó sún mọ́ ọwọ́ ìyá náà pẹ́kípẹ́kí, ó wá bi mí pé kí ló dé tí àwọ̀ ewé fi wà lára ẹran ara. Mo ní bí iná ojú fèrèsé ṣe ń bá iṣan abẹ́ awọ pàdé nìyẹn. Kò ra nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó yá ló padà wá, ó ní kí n bá òun ya bàbá òun. Nítorí náà, bí o kò bá rí sítíkà pupa, àmì pé àwòrán ti tà, lábẹ́ orúkọ rẹ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, má ba ọkàn jẹ́.

Bí wọ́n bá parí, fúnra rẹ ni kí o lọ kó èyí tó kù. Wo igun férémù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fọ́tò tó wà lọ́wọ́ rẹ kí o tó fọwọ́ sí i pé o ti gbà á. Má sáré dín iye èyí tí kò tà kù. Bí wọ́n bá fi ìwé àdéhùn wọn ránṣẹ́, tí gbólóhùn kan bá rú ọ lójú, kọ ọ́ sí mi bó ṣe wà, a ó jọ wò ó kí o tó fọwọ́ sí i.