Kí ló dé tí bass techno mi fi ń di ariwo lórí sípíkà ńlá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Láptọ́ọ̀pù àti headphone ni mo fi ń ṣe orin techno nínú yàrá mi. Bass abẹ́lẹ̀ tí mo ṣe ń dùn mọ́ mi létí, àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé e sórí sípíkà ńlá níbi àríyá ọ̀rẹ́ mi kan, ńṣe ló ń kùn hùùù, kick (ìlù ńlá tó ń dún gbì-gbì) ò sì dún ketekete mọ́. 130 BPM (ìlù 130 ní ìṣẹ́jú kan) ni orin náà. Ṣé plugin (àfikún software orin) mìíràn ni kí n rà?

Ìdáhùn: Àbúrò, fi owó rẹ sápò ná. Plugin kọ́ ló fa wàhálà yìí. Ohun méjì lo tẹ́ sórí ẹní kan ṣoṣo. Kick techno àti bass abẹ́lẹ̀, àárín 40 sí 60 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní sẹ́kọ́ǹdù kan) làwọn méjèèjì ń gbé. Bí wọ́n bá dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lè gbè ara wọn lẹ́sẹ̀ títí sípíkà yóò fi máa gbọ̀n, wọ́n sì lè pa ara wọn rẹ́ débi pé o ò ní gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn dáadáa.

Jẹ́ ká ṣírò ó. Ní 130 BPM, nǹkan bí 461 millisecond (ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà nínú sẹ́kọ́ǹdù kan) ló wà láàárín kick kan sí èkejì. Gbogbo ilẹ̀ tí o ní nìyẹn. Bí kick bá jẹ 150 nínú rẹ̀, nǹkan bí 300 ló ṣẹ́ kù fún bass, ó sì gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́nà kí kick mìíràn tó dé. Àwọn onídùndún ti mọ èyí tipẹ́: omele kì í sinmi, síbẹ̀ àlàfo wà tí ìyáàlù ń gbà wọlé sọ̀rọ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohùn abẹ́lẹ̀ tí ò ń gbọ́ nínú techno òde òní, rumble ni wọ́n ń pè é. Kì í tilẹ̀ ṣe bass. Òjìji kick ni. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń kọ́kọ́ gé ìrù kick kó lè kúrú. Lẹ́yìn náà, mo á ṣí channel mìíràn, mo á fi reverb, ìyẹn gbohùngbohùn, sí i, mo á sì darí díẹ̀ lára kick síbẹ̀. Kí reverb náà jẹ́ 100% wet, ìyẹn gbohùngbohùn nìkan láìsí kick fúnra rẹ̀, kó máa dún tó bíi sẹ́kọ́ǹdù kan ààbọ̀. Ohun tó máa jáde á kọ́kọ́ dà bí ìgbà tí ènìyàn sọ òkò sí kànga, má bẹ̀rù. Fi low-pass filter tẹ̀ lé e, kó gé ohun tó bá ti ju 120 Hz lọ. Gé ìsàlẹ̀ 30 Hz náà dànù, agbára amplifier lásán ló ń jẹ. Fi saturation (ohun tó ń fi ohùn tuntun kún ohùn) díẹ̀ sí i kó lè nípọn. Ìgbẹ̀yìn ni compressor (ohun tó ń tẹ ohùn wálẹ̀) tó ní sidechain, ìyẹn ọ̀nà tí ohùn mìíràn fi ń darí rẹ̀: kick ni kó máa pàṣẹ fún un, kí rumble wólẹ̀ nígbàkígbà tí kick bá wọlé, kó sì dìde lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi release compressor yẹn, ìyẹn àkókò tó fi ń jẹ́ kí ohùn dìde padà, ni kí o ti pẹ́ jù. Bí release bá yá jù, rumble á bá kick jà. Bí ó bá falẹ̀ jù, kick mìíràn á ti dé kí rumble tó jí. Bẹ̀rẹ̀ láti 120 millisecond, kí o máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì fúnra rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ bass tó ní nóòtì tirẹ̀ lo fẹ́, sine wave (ohùn kan ṣoṣo tó mọ́ kedere) kan ṣoṣo tó. Fi sí F tó wà ní 43.7 Hz, tàbí G ní 49, tàbí A ní 55, kí o sì tún kick ṣe kó balẹ̀ sórí nóòtì kan náà. Ó ṣeé ṣe, torí kick ní ohùn tirẹ̀. Kick inú TR-909, ẹ̀rọ ìlù tí Roland gbé jáde lọ́dún 1983, èyí tí Jeff Mills, DJ techno ará Detroit, fi ń dárà, wọn ò gbà á sílẹ̀ látara ìlù kankan. Iná ló ń ṣe é: ohùn kan tó bẹ̀rẹ̀ lókè, tó sì já wálẹ̀ lójijì. Ibi tó já sí ni kí o wò.

Ní ti headphone tó tàn ọ́ jẹ, etí ènìyàn kì í gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa bí volume bá kéré. Bí o bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ lóru kí àwọn ará ilé má bàa bínú, wàá máa bu bass kún un ṣáá. Máa wo spectrum analyser, tó ń fi bí ohùn ìsàlẹ̀ àti ti òkè ṣe pọ̀ tó hàn ọ́ lójú. Ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ software orin. Má sì rò pé sípíkà inú yàrá ló máa yanjú ẹ̀. Nínú yàrá tó gùn ní mítà 3.4, 50 Hz gan-an ló máa ń há sáàárín ògiri méjèèjì. Jókòó sí gbùngbùn, wàá rò pé bass ti sá lọ. Fẹ̀yìn ti ògiri, á fẹ́ bì ọ́ ṣubú.

Mono (kí ọ̀tún àti òsì máa dún bákan náà) náà ti fi ojú mi rí màbo. Mo fi chorus, tó ń mú kí ohùn ọ̀tún àti ti òsì yàtọ̀ síra, sí bass kan nígbà kan rí kó lè fẹ̀, ó dùn gan-an nílé. Nígbà tí mo dé òde eré, subwoofer (sípíkà bass) wọn ń pa ọ̀tún àti òsì pọ̀ di ọ̀kan, bass mi sì pòórá lójú gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ náà, ohun tó bá ti wà nísàlẹ̀ 120 Hz, mono ni.

Fóònù ò lè gbé 50 Hz ní tirẹ̀. Saturation yẹn ló ń bímọ sí 100, 150, 200 Hz àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ tó wà lókè ni fóònù á gbé, ọpọlọ á sì fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìyá wọn wà nísàlẹ̀.

Kí o tó tún gbé orin náà lọ síta, pa gbogbo ohun yòókù, kí o gbọ́ kick àti rumble nìkan. Bí ó bá ṣì ń kùn, dín gígùn reverb kù kí o tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.