Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Wa: Ọmọ Ọdún 16 àti Ọ̀nà Yúróòpù

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 16, iwájú ló ń gbá fún ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Ẹnì kan ní òun máa mú un lọ sí Belgium kí ọdún tó parí, pé ká wá owó físà àti owó ìdánwò. Ó ní bí Victor Osimhen, agbábọ́ọ̀lù iwájú ọmọ Nàìjíríà, náà ṣe lọ nìyẹn. Ṣé ká san án? (Bàbá kan, Òkè-Fíà, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀, sà. Osimhen tó fi ń polówó ọjà yẹn gan-an ló tú àṣírí rẹ̀. Ọjọ́ 29, oṣù Kejìlá, 1998 ni wọ́n bí i l'Ékòó. Lọ́dún 2015, ó jẹ góòlù 10 ní Chile nígbà tí Golden Eaglets, ẹgbẹ́ Nàìjíríà ti àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 17 lọ, gba ife àgbáyé àwọn ẹgbẹ́ wọn. Gbogbo Yúróòpù rí i, síbẹ̀ oṣù Kìíní 2017 ló tó dé Wolfsburg ní Jámánì, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18. Òfin FIFA ni: ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ mú ọmọ tí kò tíì pé 18 wá láti ilẹ̀ òkèèrè, àyàfi nínú àwọn ọ̀ràn díẹ̀ kan, irú bíi kí òbí fúnra rẹ̀ ti kó lọ gbé ibẹ̀ nítorí iṣẹ́ tí kò kan bọ́ọ̀lù.

Nígbà tó débẹ̀ tán, kò rọgbọ. Kò jẹ góòlù kankan nínú líìgì Jámánì, ibà dá a dúró, ẹgbẹ́ méjì ní Belgium sì dán an wò, wọn ò mú un. Charleroi, ẹgbẹ́ mìíràn ní Belgium, ló wá yá a lọ́dún 2018, ibẹ̀ ló ti jẹ góòlù 20.

Ẹ bi ọkùnrin yẹn ní orúkọ ẹgbẹ́ tó ń sọ. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ wá ìkànnì ẹgbẹ́ náà, kí ẹ kọ̀wé sí àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀. Ẹ má pe nọ́ńbà orí lẹ́tà rẹ̀, torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ni yóò gbé e. Orúkọ àwọn ẹ́jẹ́ǹtì tó gba ìwé àṣẹ sì wà lórí ìkànnì FIFA.

Ìbéèrè: Sítíráíkà mi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ gan-an, àmọ́ bí wíńgà bá ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé, difẹ́ńdà ló máa ń kọ́kọ́ kàn án. (Kóòṣì, Alékúwodò)

Ìdáhùn: Ó ń tètè sáré ni. Á dé ojú góòlù kí bọ́ọ̀lù tó dé, á dúró, ẹni tó bá sì ti dúró kò ní lè fò dáadáa. Ẹ wo Osimhen kí wíńgà tó gbá a: ẹ̀yìn èjìká difẹ́ńdà ló máa ń wà, níbi tí onítọ̀hún ò ti lè rí òun àti bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan náà. Á gbé ẹsẹ̀ méjì sí ọ̀nà òpó góòlù tó jìnnà sí wíńgà, á wá já wá sí òpó ìtòsí, èyí tó sún mọ́ wíńgà, lójijì.

Ẹ gbé bàtà kan síwájú òpó ìtòsí. Kí ọmọ náà dúró sí ojú pẹnáritì, mítà 11 sí góòlù. Kò gbọdọ̀ gbéra sá lọ síbi bàtà náà àfi tí wíńgà bá tẹrí ba wo bọ́ọ̀lù láti gbá a. Mẹ́wàá láti ọ̀tún, mẹ́wàá láti òsì, ẹsẹ̀ tàbí orí lẹ́ẹ̀kan péré. Èyí tó bá kọ́kọ́ kàn nìkan ni kí ẹ kà, ì báà má wọlé.

Ìbéèrè: Ṣé kí n ra ìbòjú Osimhen fún ọmọ mi? (Ìyá kan, Ìgbọ̀nà)

Ìdáhùn: Egungun ojú Osimhen ló fọ́ ní oṣù Kọkànlá 2021, nígbà tó forí gbá Škriniar, difẹ́ńdà Inter Milan ní Ítálì. Ojú rẹ̀ ni wọ́n sì wọ̀n kí wọ́n tó ṣe ìbòjú tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà máa ń dí ọmọ lójú, kò ní rí bọ́ọ̀lù ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó máa fi ṣọdún.