Píńkì fẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri ilé: ẹ má fi fọ́tò nìkan rán wọn níṣẹ́

Àǹtí wa, mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ẹ rí píńkì fẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ògiri ilé ọ̀rẹ́ yín níbi tí ẹ wà, ó wù yín, ẹ sì fẹ́ kí wọ́n fi kun gbogbo inú ilé tí àbúrò yín ń bá yín kọ́ nílé. Akunlé bi yín pé, "Píńkì wo?" Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́, ó ní òun ti rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é lónìí kó tó ra ohunkóhun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mò ń sọ. Fọ́tò lèmi náà fi ránṣẹ́ nígbà tèmi. Alẹ́ ni mo yà á, lábẹ́ gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n, fóònù sì ti bá mi tún àwọ̀ náà ṣe kí n tó mọ̀. Àbúrò mi wò ó lórí fóònù tirẹ̀, ó ní àwọ̀ yìí ti ṣá jù, ló bá ní kí akunlé "gbé e sókè díẹ̀." Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ, tàbúrò mi ju tọmọ lọ. Nígbà tí mo délé tí mo ṣílẹ̀kùn pálọ̀, ó ṣe mí bí ẹni tó rìn wọnú ṣingọ́ọ̀mù. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wà lọ́rùn mi ti di píńkì kí n tó jókòó.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò sàn ju fọ́tò lọ. Funfun, pupa, dúdú, bẹ́ẹ̀ lèdè wa ṣe pín àwọ̀ látilẹ̀, abẹ́ pupa ni píńkì sì wà. Ẹ bá sọ fún akunlé lórí fóònù pé "pupa fẹ́ẹ́rẹ́," ó lè gbọ́ àwọ̀ ọsàn, ó sì lè gbọ́ nǹkan mìíràn. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ohun tó lè sọdá òkun láìyí padà ni nọ́ńbà àwọ̀ àti páálí tí wọ́n kun àwọ̀ ọ̀hún sí.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ ọ̀dà kan dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, torí kò nítumọ̀ nílé-iṣẹ́ mìíràn. Ètò nọ́ńbà àwọ̀ méjì wà tí ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà mọ̀. RAL ti Jámánì ni àkọ́kọ́. RAL 3015 ni wọ́n ń pè ní píńkì fẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín: lára àga, ó fẹ́ẹ́rẹ́ lóòótọ́, lára ògiri mẹ́rin, ariwo ni. Ìkejì ni NCS ti Sweden, òun ni mo fara mọ́ torí pé nọ́ńbà rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ ohun tó wà nínú àwọ̀. Ẹ wo S 0510-Y80R. 05 ni ìwọ̀n dúdú tó wà nínú rẹ̀, 10 ni agbára àwọ̀ náà, Y80R sì ń sọ pé pupa kó 80 nínú 100, yẹ́lò ló kó ìyókù. Bó bá jẹ́ gbogbo ilé lẹ fẹ́ fi kùn, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà kejì yẹn kọjá 10. Èmi á bẹ̀rẹ̀ láti 05. Tí ẹ bá sì rí R10B tàbí R20B, búlúù ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ó ń fà sí ọ̀nà pọ́pù, ìyẹn àwọ̀ àlùkò, ilé á sì tutù lójú. Ẹ dúró sí ọ̀dọ̀ Y.

Ẹ wá páálí àwọ̀ náà, ẹ gé e sí méjì, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn méjèèjì. Ẹ fi ìdajì kan sínú àpòòwé, kí oòrùn má bàa ṣá a, kí ẹ sì fi rán ẹni tó bá ń lọ sílé. Ìdajì kejì di tiyín; òun lẹ máa fi bá wọn jiyàn. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ po ọ̀dà ló ní irinṣẹ́ kékeré tó ń ka àwọ̀, tí wọ́n bá gbé e lé páálí yẹn, á sọ ohun tí wọ́n máa bù sí i.

Kí wọ́n tó bù ú, ẹ ní kí àbúrò yín béèrè ohun kan: "Pupa wo lẹ fẹ́ fi pò ó?" Ọ̀dà funfun tí wọ́n kán pupa díẹ̀ sí ni píńkì, irú pupa tó bá wọbẹ̀ ló sì ń sọ bó ṣe máa dàgbà. Iron oxide, ìyẹn pupa irin tó dípẹtà, kì í bẹ̀rù oòrùn, simẹ́ńtì kì í sì í bà á jẹ́. Píńkì tó bá ti ara rẹ̀ jáde máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀ nínú díẹ̀, ojú kì í tètè sú u. Àwọn pupa tó ń tàn yòò yàtọ̀. Nínú ọ̀dà tó fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń ṣá lójú oòrùn, ẹ ó kàn ṣàdédé rí i pé ògiri ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti funfun ju èyí tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù lọ.

Ẹ ní ilé tuntun ni. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ògiri, kí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán, kó gbẹ. Simẹ́ńtì tútù máa ń ta ju bó ṣe yẹ lọ, pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń ta tó, ń wọ 12 sí 13, ó sì lè jẹ àwọ̀ pupa mìíràn run tàbí kó hu funfun bí iyọ̀ lójú ọ̀dà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) tó lè gba simẹ́ńtì mọ́ra kùn ún kí píńkì tó dé. Akunlé tó bá ń kánjú á sọ fún yín pé kò pọn dandan. Ó pọn dandan.

Ìdánwò ló kàn, ibẹ̀ sì nìṣẹ́ wà. Kí wọ́n ra ike kékeré kan ṣoṣo. Kí wọ́n kun ibi tó tó mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, sára ògiri tó kọjú sí fèrèsé, kí wọ́n sì kun òmíràn sára ògiri tí fèrèsé fúnra rẹ̀ wà. Kí wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí funfun sì yí i ká, torí bí àwọ̀ mìíràn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ṣi yín lójú. Kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀dà olómi máa ń ki sí i tó bá gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, kí àbúrò yín lẹ ìwé funfun mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó ya fọ́tò láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ tí iná bá wà. Ìwé yẹn lẹ máa kọ́kọ́ wò. Bó bá jáde ní yẹ́lò tàbí búlúù lójú fóònù, irọ́ ni fọ́tò náà ń pa nípa píńkì pẹ̀lú. Kó sì mú ìdajì páálí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lé ojú ògiri. Tí ojú bá ń rí etí páálí kedere, àwọ̀ ò tíì bára mu.

Kó sọ irú gílóòbù tó wà níbẹ̀ fún yín. Èyí tí wọ́n kọ 2700K tàbí 3000K sí lára máa ń mú píńkì gbóná, èyí tó bá jẹ́ 6500K á fà á sí búlúù. Mo mọ ẹnìkan tó fẹ́ tún gbogbo yàrá kùn, gílóòbù ló pààrọ̀, ọ̀rọ̀ sì tán.

Tí ẹ bá wá nífẹ̀ẹ́ àwọ̀ kan lórí páálí, ẹ mú èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ ní ìpele kan. Ògiri mẹ́rin ń ta àwọ̀ síra wọn lára, wọ́n á fún un lágbára tí páálí ò ní.

Ọkọ yín ní ilé á dà bíi yàrá ọmọ ìkókó. Kò purọ́ tí àga bá jẹ́ funfun, tí kọ́tìnì náà sì jẹ́ píńkì. Igi tó dúdú díẹ̀, búráwùn, ewéko tó ki, irin dúdú lára fèrèsé, ẹ kó ìwọ̀nyí sí i, ẹ ó rí i pé píńkì á padà sẹ́yìn. Ti pé ẹ kà á níbì kan pé píńkì ń pẹ̀tù sí ọkàn, ẹ̀wọ̀n àwọn ọmọ ogun ojú omi kan ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n kùn ní píńkì lọ́dún 1979 tí ìròyìn yẹn fi tàn kálẹ̀. Àwọn tó tún un dán wò lẹ́yìn náà ò rí i bẹ́ẹ̀, píńkì ẹ̀wọ̀n yẹn sì ki gan-an. Ẹ kùn ún torí pé ó wù yín.

Àwọ̀ kan káàkiri ilé ò ní kó rí bákan náà níbi gbogbo. Pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ fi í bó ṣe wà. Fún yàrá, kí wọ́n pò ó pẹ̀lú ọ̀dà funfun irú kan náà, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n kan. Fún àjà, funfun tí wọ́n ta díẹ̀ nínú píńkì yẹn sí. Funfun tó ń fà sí búlúù á mú kí ògiri pọ́n jù. Ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀, nọ́ńbà kan náà, ṣùgbọ́n oríṣi tó ṣeé nù. Kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀dà tó ń dán máa ń tú àṣírí ògiri tí kò gún.

Kí wọ́n má bàa rẹ́ yín jẹ: yàrá tó jẹ́ mítà 4 sí mítà 3, tí ògiri rẹ̀ ga ní mítà 3, 42 sikuẹ́à mítà ni ògiri rẹ̀. Ẹ yọ nǹkan bíi 5 fún ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó ku 37. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa kùn ún, ó di 74. Lítà kan máa ń kun nǹkan bíi 10 lára ògiri tó dán, nítorí náà lítà méje ààbọ̀ á tó. Ògiri tó rí wúruwùru á jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí wọ́n po gbogbo ti pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì da àwọn ike náà papọ̀ sínú garawa ńlá kí rólà tó kàn án, torí ike méjì tí wọ́n pò lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ lè máà bára dọ́gba. Kí wọ́n fi lítà kan pamọ́, kí àbúrò yín ya ìdérí rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí kó fi ránṣẹ́ sí yín. Tí páálí yín bá ti wà lọ́wọ́, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ síbí fún mi, kí ẹ sì sọ iye fèrèsé tó wà ní pálọ̀.