Báwo ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ṣe fìdí múlẹ̀ ní àwọn ìlú kéékèèké ní agbègbè Oǹdó?

Àgbádárìgì ni ìjọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, nígbà tí Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842. Ní ìlú Oǹdó, àwọn Áńgílíkà ló ṣíwájú, nítorí Charles Phillips, ajíhìnrere wọn, ti dé ibẹ̀ ní 1877. Ohun tí ó mú Mẹ́tọ́díìsì dúró ní ìlú kékeré ni ètò kíláàsì, níbi tí ọmọ ìjọ díẹ̀ ti wà lábẹ́ olórí kan, pẹ̀lú àwọn oníwàásù tí kì í ṣe àlùfáà, tí wọ́n ń rìn láti ìjọ dé ìjọ. Lójú tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju ilé ìsìn lọ. Ní 1962 ni ìjọ náà gba òmìnira lọ́wọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.